Kókó Mẹ́ta Nínú Ìṣẹ́tí Aṣọ

Ara máa ń fu mí. Ẹ jẹ́ kí n tètè fẹnu ara mi sọ ọ́ kí ẹlòmíràn tó bá mi sọ ọ́. Bí ènìyàn bá kí mi lẹ́ẹ̀mejì láàárọ̀ ọjọ́ kan ṣoṣo, mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í wá ohun tó fẹ́ gbà lọ́wọ́ mi nìyẹn. Ìyá mi ló kọ́ mi bẹ́ẹ̀ ní Iléṣà: páńsá ò fura, páńsá já síná, àjà ò fura, àjà jìn. Ọkọ mi máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé lọ́jọ́ tí mo bá dé ẹnubodè ọ̀run, màá kọ́kọ́ yọjú wo ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ná kí n tó wọlé. Ẹ̀rín ni mo máa ń fi í rín, àmọ́ òótọ́ ni.

Bùtíìkì ni mo ní nílùú Benin. Ẹ má pè é ní ṣọ́ọ̀bù aṣọ o, inú á bí mi. Ṣọ́ọ̀bù aṣọ ni ibi tí wọ́n ti ń da aṣọ sílẹ̀ rẹpẹtẹ, tí oníbàárà á máa fọwọ́ tú u bí ẹni ń ṣa ata. Tèmi ní ilẹ̀kùn onígíláàsì, ó ní ẹ̀rọ amúlétutù, ó ní lọ́fínńdà tí mo máa ń fín káàkiri kí n tó ṣílẹ̀kùn láàárọ̀, ó sì ní ère oníke méjì tí wọ́n wọ gáùn síwájú ilé, tí wọn ò lórí. Aláìlórí ló gbayì báyìí, wọ́n ní olórí ti di ti àtijọ́. Bùtíìkì mẹ́fà irú ẹ̀ ló tò tẹ̀lé ara wọn ní títì wa. Lọ́jọ́ Sátidé, àwọn ọlọ́mọge á wá láti gbogbo ìlú, wọ́n á ya fọ́tò níwájú gíláàsì, àwọn díẹ̀ nínú wọn á sì ra nǹkan.

Ohun kan wà tí mi ò kì í ṣe nínú ṣọ́ọ̀bù yẹn: mi ò kì í sọ Yorùbá. Tí ọmọ Yorùbá bá ti gbọ́ "ẹ káàbọ̀" lẹ́nu mi, ó ti di àbúrò mi nìyẹn. Á jókòó, á bi mí pé ọmọ ìlú ibo ni mí, á wá ní kí n ṣe é bíi ti ọmọ ilé. Pabanbarì rẹ̀ ni pé London ni mo máa ń sọ pé aṣọ mi ti wá. Ta ló máa gba aṣọ London lọ́wọ́ ẹni tó ń sọ Ìjẹ̀ṣà? Nítorí náà, òyìnbó ni mò ń fi imú sọ láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, tí ọ̀rọ̀ bá sì le, mo bọ́ sí Píjìn. Yorùbá mi á máa dúró dè mí nílé àti ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Àìkú.

Aṣọ ọ̀hún kò rí London rí. Ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu mi. Ọkùnrin kan tó ní ilé ìkẹ́rùsí lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì Siluko ló ń kó o wá. Òun ló mọ àwọn aránṣọ tó ń rán an, nínú ìlú àti lẹ́yìn ìlú, ó sì fi orúkọ wọn pamọ́ fún wa bí ẹni fi ẹyin pamọ́. Lọ́jọ́ Ajé, tó bá ti gbé ẹrù dé, màá kó o sí yàrá kékeré tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù. Màá yẹ aṣọ kọ̀ọ̀kan wò, màá fi abẹ gé òwú tó bá yọ, màá lọ̀ ọ́, lẹ́yìn náà màá wá rán lébẹ́ẹ̀lì tèmi mọ́ ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀, àkọlé kékeré dúdú tó ń dán. Bí gáùn ṣe ń wọ ọkọ̀ òfuurufú láìkúrò ní Benin nìyẹn. Gbogbo títì wa ló ń ṣe é. A mọ ara wa, kò sẹ́ni tó ń sọ ọ́ síta.

Nínú àwọn aránṣọ wọ̀nyẹn, ọ̀kan wà tí mi ò mọ̀ rí, àmọ́ mo mọ ọwọ́ rẹ̀, torí èmi nìkan ni ọkùnrin náà ń kó iṣẹ́ rẹ̀ fún ní títì wa. Ìrán rẹ̀ tọ́ gbọọrọ, síìpù rẹ̀ kì í wú, tí ènìyàn bá wọ gáùn rẹ̀, á rò pé ara òun ni wọ́n kọ́kọ́ wọ̀n. Àbùkù kan ṣoṣo ló ní. Nínú ìṣẹ́tí gbogbo gáùn tó bá rán, lápá òsì, á fi òwú pupa kékeré kan sílẹ̀, á ta kókó mẹ́ta sí i. Bí gáùn dúdú ni o, bí funfun ni o, òwú pupa, kókó mẹ́ta. Inú mi máa ń ru. London wo ni wọ́n ti ń ta kókó sí ìdí aṣọ? Mo ránṣẹ́ sí i nígbà kan láti ọwọ́ ọkùnrin Siluko pé kó yé fi ọ̀bùn ba iṣẹ́ rere jẹ́. Kò gbọ́. Nígbà tí kò gbọ́, mo gba abẹ mi mú. Mò ń gé e bó ṣe ń bọ̀.

Mi ò da àwọn òwú náà nù o. Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ ní a kì í da òwú àgékù nù, inú tìmùtìmù kékeré tí a ń gún abẹ́rẹ́ mọ́ la máa ń kì í sí, kí abẹ́rẹ́ má baà dípẹtà. Inú tìmùtìmù yẹn ni mò ń kì í sí.

Ìgbà òjò ni ìyá àgbàlagbà kan kọ́kọ́ ṣílẹ̀kùn wọlé. Ó fi ìbòrí funfun borí, ó gbé àpò ọ̀rá kékeré kan lọ́wọ́, bàtà sílípáàsì rẹ̀ sì ń ṣomi sórí táìlì mi. Ó ní, "Madam, well done o." Mo fi òyìnbó dá a lóhùn, mo sì dìde dúró. Mo rí òwú funfun tín-ín-rín kan tó lẹ̀ mọ́ èjìká rẹ̀. Mo ní, áà, aránṣọ nìyí, ó wá wo sítáì wò ni.

Kò wo sítáì. Kò wo ọrùn, kò wo ọwọ́, kò béèrè iye. Ó kàn lọ síbi tí gáùn so kọ́ sí, ẹnu rẹ̀ ń mì wúyẹ́wúyẹ́, ó mú ìdí gáùn àkọ́kọ́, ó yí i síta, ó fi ìka tọ ìṣẹ́tí rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, ó fi í sílẹ̀, ó mú òmíràn. Bó ṣe ṣe gbogbo rẹ̀ nìyẹn. Ó ní, "Thank you, madam," ó sì jáde. Mi ò tíì ta nǹkan kan láàárọ̀ ọjọ́ náà. Oníṣòwò wo ni inú rẹ̀ á dùn sí ẹni tó fọwọ́ pa gbogbo ọjà rẹ̀ láìra ọ̀kan, tí kò tíì tajà àkọ́kọ́? Mo fín lọ́fínńdà sí ibi tó dúró sí.

Ó padà wá lọ́sẹ̀ kejì. Ó padà wá lọ́sẹ̀ kẹta. Mo ní, ẹ gbà mí o, kí ni mo jẹ ìyá yìí? Mo yọjú láti ẹ̀yìn gíláàsì, mo rí i tó ń jáde nínú bùtíìkì tó dojú kọ tèmi, ìyẹn ti obìnrin tó ń bá mi díje, tó máa ń rẹ́rìn-ín sí mi bí ẹni ń wọn ọrùn mi. Ó ti yé mi. Obìnrin yẹn ló rán an. Nígbà tó di ọjọ́ kejì, ọkàn mi tún sọ pé rárá, àwọn tó ń fi fídíò tú àṣírí ènìyàn sórí fóònù ni. Mo ti gbọ́ pé wọ́n ṣe é fún olóṣọ́ọ̀bù kan nílùú mìíràn, wọ́n ká a mọ́ ibi tó ti ń rán lébẹ́ẹ̀lì, kò sì lè jáde sí títì mọ́. Ìdí aṣọ tó ń yí síta yẹn, kí ló ń wá níbẹ̀ bí kò bá ṣe ẹ̀rí?

Ẹnu tó ń mì yẹn ló dẹ́rù bà mí jù. Mo ní ọfọ̀ ni. Mo ra òróró àdúrà ní ṣọ́ọ̀ṣì, mo fi pa gbogbo hángà mi láti òkè délẹ̀. Òróró náà kán sílẹ̀, ó ba gáùn funfun méjì jẹ́ pátápátá. Ìyá náà dé lọ́jọ́ kẹta, ó fọwọ́ tọ ìṣẹ́tí àwọn tó kù, kò sí ohun tó ṣe é.

Ọkọ mi ní, "Bóyá ó kàn fẹ́ràn aṣọ." Mo ní kó dákẹ́, pé kò mọ ọjà. Mo ní, "Olè ló mọ ẹsẹ̀ olè í tọ̀ lórí àpáta." Ó wò mí, ó ní, "Ìwọ wá ńkọ́, báwo lo ṣe wá mọ̀ ọ́n?" Mo bínú wọ yàrá. Ó mọ̀ nípa lébẹ́ẹ̀lì, àmọ́ a kì í sọ ọ́ nínú ilé wa.

Báyìí la ṣe ń bá a lọ fún oṣù mẹ́rin. Tó bá ti wọlé, màá tẹ̀ lé e lẹ́yìn bí òjìji. Á kí mi ní Píjìn rẹ̀ tó ń kọsẹ̀, màá fi imú dá a lóhùn. Mi ò bi í léèrè ohun tó ń wá. Mo ń bẹ̀rù pé á sọ ọ́.

Ọjọ́ Ẹtì kan ni ọ̀rọ̀ bẹ́. Oníbàárà mi kan tó ń ṣiṣẹ́ ní báńkì, ọmọ Benin gidi, wá yan gáùn tó máa wọ̀ síbi ìgbéyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó ń wo ara rẹ̀ nínú dígí, inú rẹ̀ dùn, ó ní aṣọ òkè òkun yàtọ̀. Ẹnu ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yẹn wà tí ìyá oníbòrí ṣílẹ̀kùn. Ó lọ tààrà sídìí aṣọ, ó bẹ̀rẹ̀ sí í yí ìṣẹ́tí síta. Oníbàárà mi wò ó nínú dígí, ó ní, "Wetin this mama dey check? She wan know whether na original?" Ó sì mú ìdí gáùn tó wà lára rẹ̀, òun náà fẹ́ yí i wò.

Ojú mi ṣú. Mi ò mọ ìgbà tí mo fò dé ọ̀dọ̀ ìyá náà. Mo já aṣọ gbà lọ́wọ́ rẹ̀, mo fi Píjìn pariwo pé olè ni, kó tú àpò rẹ̀ síta kí gbogbo ayé rí i. Ó ní, "Abeg, madam, I no be thief." Mo gba àpò ọ̀rá náà, mo dà á sílẹ̀. Fóònù kékeré kan jáde, tẹ̀súbáà jáde, ègé búrẹ́dì kan jáde, àti àjákù aṣọ kan tí wọ́n fi ọ̀rá wé dáadáa. Kò sí nǹkan tèmi níbẹ̀. Ó yẹ kí ojú tì mí, àmọ́ ìbínú ló pọ̀ sí i, Ìjẹ̀ṣà tí mo ti ń gbé mì láti ọdún yìí wá sì já jáde lẹ́nu mi: "Àgbàyà! Ṣé èmi lo fẹ́ fi ṣẹ̀sín láyé? Kí lò ń wá nídìí aṣọ mi láti ọjọ́ yìí? Kí lò ń wá?"

Ìyá náà gbójú sókè, ó tẹjú mọ́ mi.

Ó ní, "Ọmọ Yorùbá ni yín?"

Ó rọra jókòó sílẹ̀ lórí táìlì, láàrin ẹrù rẹ̀, ó bú sẹ́kún. Ó ní, "Olúwa mi o. Oṣù mẹ́rin. Oṣù mẹ́rin ni mo ti ń wọlé tọ̀ yín, tí mò ń wá Píjìn tí màá fi ṣàlàyé ara mi, tí mi ò rí i. Ẹ sì gbọ́ Yorùbá."

Ó wá ṣàlàyé. Aránṣọ ni lóòótọ́, ọmọ Ọ̀fà ni, ó ń tún aṣọ ṣe ní ọjà Oliha, láàrin àwọn oníṣu. Ọmọ kan ṣoṣo tó bí, obìnrin, òun ló kọ́ ọ níṣẹ́. Ní ọdún méjì sẹ́yìn, léèsì oníbàárà kan sọnù nílé wọn. Ó ní, "Mo fura sí i. Ọmọ mi ni o, mo fura sí i. Níwájú oníbàárà, níwájú àwọn alájọgbé wa, mo ní kó tú àpótí rẹ̀ síta, kí gbogbo ènìyàn rí i. Ó tú u. Kò sí nǹkan níbẹ̀. Nígbà tó máa fi di àárọ̀, ó ti lọ. Ó ti pa fóònù, mi ò gbúròó rẹ̀ mọ́. Ní ọjọ́ kẹta, mo rí léèsì náà nínú àpò ìrẹsì tí mò ń kó àjákù aṣọ sí. Ọwọ́ ara mi ló gbé e síbẹ̀, mo gbàgbé."

Ó nu ojú. Ó ní, "Ẹ̀yin náà tú àpò mi síta lónìí. Ó tọ́ sí mi."

Ó mú àjákù aṣọ tó wà nínú ọ̀rá, ó tú u. Mo ti mọ ohun tí mo máa rí kó tó tú u tán. Òwú pupa, kókó mẹ́ta. Ó ní àṣà ìyá ìyá rẹ̀ ni. Aránṣọ ilé wọn kì í parí aṣọ láìta á: ọ̀kan fún ọwọ́ tó gé aṣọ, ọ̀kan fún ọwọ́ tó rán an, ọ̀kan fún ara tó máa wọ̀ ọ́. Obìnrin kan ló gbé gáùn kan wá kó bá òun fẹ ìbàdí rẹ̀, ìyá náà yí ìṣẹ́tí rẹ̀, ó rí kókó mẹ́ta. Obìnrin yẹn ní ọ̀rẹ́ òun ló fún òun, ó ti gé lébẹ́ẹ̀lì rẹ̀ kúrò torí ó ń yún un lọ́rùn, ohun tó mọ̀ ò ju pé títì àwọn oníbùtíìkì ni wọ́n ti rà á. Láti ìgbà náà ni ìyá yìí ti ń wọ bùtíìkì kiri, tó ń yí aṣọ wò. Ó ní, "Màá ṣe Bísímílàhì, màá tọ ìṣẹ́tí. Mi ò tíì rí òmíràn."

Bísímílàhì ni mo ń fi òróró àdúrà lé.

Ẹ gbọ́ ohun tí mo ṣe. Mo mọ kókó náà bí mo ṣe mọ ojú mi. Ọ̀kan tó bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́ ló rí lọ́dọ̀ oníbàárà rẹ̀ yẹn. Abẹ tí mo fi gé ìyókù wà nínú dúróò mi, kò tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta sí ibi tó jókòó sí. Oníbàárà mi sì dúró níbẹ̀ pẹ̀lú gáùn London lára, ó ń bi mí pé, "Wetin she talk?" Gáùn tó wọ̀ yẹn gan-an, ọwọ́ ọmọ ìyá yìí ló rán an. Mo fi òyìnbó dá a lóhùn pé ara ìyá náà kò yá. Mo wá yíjú sí ìyá, mo fi Yorùbá sọ pé, "Màmá, mi ò rí irú ẹ̀ rí."

Ó kó ẹrù rẹ̀ padà sínú àpò. Mo bá a ṣa á. Ó ní bí mo bá rí i, kí n wá sí Oliha, kí n béèrè ìyá Yorùbá tó ń tún aṣọ ṣe, pé gbogbo oníṣu ló mọ òun. Ó wá gbàdúrà fún mi. Ó ní Ọlọ́run ò ní jẹ́ kí n wá ọmọ tèmi tì.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, mo ti ilẹ̀kùn, mo mú tìmùtìmù abẹ́rẹ́ mi, mo fi abẹ yìí kan náà la inú rẹ̀. Òwú funfun, òwú dúdú, òwú oríṣiríṣi. Àti pupa. Mo ń ṣa pupa sọ́tọ̀, kókó mẹ́ta, kókó mẹ́ta. Mo kà á dé ogójì, mi ò lè kà á mọ́. Mo sunkún bí ọmọdé, mo sì ń bú ara mi ní gbogbo orúkọ tí mo ti pe ìyá oníbòrí yẹn nínú ọkàn mi: olè, amí, àjẹ́.

Láàárọ̀ Sátidé, dípò kí n ṣí ṣọ́ọ̀bù, Siluko ni mo lọ. Mo bi ọkùnrin náà léèrè ẹni tó ń ta kókó pupa. Ojú rẹ̀ yí padà kíá. Ó ní, "Madam, you wan pass my back?" Ó rò pé mo fẹ́ gba aránṣọ rẹ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́ ni. Bí mo ṣe ń búra tó, bẹ́ẹ̀ ni ara ń fu ú sí i. Mo mọ ojú yẹn. Ojú tí mo fi ń wo ènìyàn ni. Nígbà tí mo rí i pé kò sí ọ̀nà mìíràn, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, ti ìyá, ti léèsì, ti abẹ mi, níwájú àwọn tó ń di ẹrù fún un.

Ó wá àga jókòó. Ó wá ní ọmọbìnrin náà ti gbé Ogbe, nínú Benin níbí, fún odidi ọdún kan, ní yàrá kan ṣoṣo, kó tó kó lọ sí Auchi. Láti Auchi ló ti ń fi aṣọ ránṣẹ́ nínú ọkọ̀ báyìí. Ọdún kan ní Ogbe, ìyá rẹ̀ ní Oliha! Ó ní gbogbo ìgbà tó bá ti gbé iṣẹ́ wá ló máa ń bi òun pé ṣé ẹnì kankan béèrè ẹni tó rán an. Òun rò pé ó fẹ́ mọ àwọn oníbàárà òun kó lè máa tà fún wọn fúnra rẹ̀, òun á sì ní kò sẹ́ni tó béèrè. Ó ní ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni òun jíṣẹ́ fún un láti bùtíìkì kan, pé wọ́n ní kó yé ta kókó. Èmi ni mo rán iṣẹ́ yẹn. Ó ní ọmọ náà kàn mú okùn ẹrù rẹ̀, ó lọ.

Ó fún mi ní nọ́ńbà rẹ̀. Mi ò pè é. Mo ní kì í ṣe ohùn tèmi ló yẹ kó kọ́kọ́ gbọ́.

Oníṣu àkọ́kọ́ tí mo bi ní Oliha ló nawọ́ sí ìyá náà fún mi. Ó wà lábẹ́ agbòòrùn kan, níwájú máṣíìnì ẹlẹ́sẹ̀, láàrin òkìtì iṣu méjì. Nígbà tó rí mi, ó dìde, inú rẹ̀ dùn, ó fi aṣọ nu àga fún mi. Mi ò jókòó. Mo kúnlẹ̀, mo tú gèlè tí mo fi di nǹkan náà, mo da òwú pupa sí i lẹ́sẹ̀. Mo ní, "Màmá, irọ́ ni mo pa fún yín. Nínú aṣọ tèmi ló wà. Èmi ni mò ń gé e kúrò."

Kò pariwo. Ó mú ọ̀kan, ó fi ìka ka kókó rẹ̀. Ó mú òmíràn. Ó ń tò wọ́n lé orí máṣíìnì ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹnu rẹ̀ ń mì. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, ó ní, "Gbogbo èyí?" Mo ní, "Ó kù nílé." Kò tún wo ojú mi mọ́.

Mo tẹ nọ́ńbà náà, mo jẹ́ kí ohùn rẹ̀ jáde síta. Máṣíìnì ni mo kọ́kọ́ gbọ́ lódìkejì, ó ń sáré kíkankíkan. Ohùn ọmọbìnrin kan ní, "Hello? Who be this?" Mo fi Yorùbá bi í bóyá òun ló ń ta kókó pupa sí ìṣẹ́tí. Máṣíìnì náà kò dúró. Ó ní, "Ta ló fún yín ní nọ́ńbà mi? Tó bá jẹ́ ti kókó yẹn lẹ tún fẹ́ bá mi jà lé lórí, ẹ má bínú, mi ò ní fi í sílẹ̀. Ẹ sọ fún wọn kí wọ́n wá aránṣọ mìíràn."

Mo gbé fóònù sún mọ́ ẹnu ìyá. Ó ní, "Léèsì yẹn, inú àpò àjákù ló wà. Ọwọ́ mi ló gbé e síbẹ̀."

Máṣíìnì dákẹ́.

Ọmọ náà ní, "Màámi, ìgbà wo lẹ rí i?"

"Ọjọ́ kẹta tí o lọ."

"Ọjọ́ kẹta. Ọdún méjì nìyí, Màámi. Mo ní tí ẹ bá ń wá mi, ẹ máa yí ìṣẹ́tí aṣọ wò, mo mọ̀ yín. Gbogbo aṣọ tí mo rán ni mo ta á sí. Ẹ ò wá mi."

"Mo wá ọ," ni ìyá rẹ̀ wí. "Mo yí gbogbo aṣọ ìlú yìí wò. Kò sí nínú ìkankan."

"Mo ta á, Màámi. Mo ta á sí gbogbo rẹ̀."

Ìyá náà wo òwú tó tò sórí máṣíìnì. Ó wá wò mí, ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà tí mo ti da òwú náà sí i lẹ́sẹ̀. Ó na fóònù sí mi. Ó ní, "Ẹ bá mi sọ fún un."

Gbogbo àwọn oníṣu ń wò wá. Mo gba fóònù náà lórí ìkúnlẹ̀ tí mo wà. Mi ò fi imú sọ̀rọ̀. Mo sọ ọ́ ní Ìjẹ̀ṣà ilé wa, sókè, kí ó lè dé Auchi: "Ìwọ ta á. Ìyá rẹ wá a. Èmi ni mò ń fi abẹ gé e."